Omi Dúrọ́ọ̀mù Tí Ẹ Fi Fọ Mọ́tò

Bàbá Kifayah,

Mọ́tò yín ń dán, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣì ń sùn nígbà tí màmá yín jí láti ṣe àlùwàlá àsùbáà, tí wọ́n bá dúrọ́ọ̀mù lófìfo. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ló fi fọ mọ́tò lánàá." Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ṣe tàyámọ́mù, bí ẹni tó wà láginjù.

Garawa mẹ́wàá ni omi yẹn. Òun la fẹ́ fi dáná, ká fi wẹ̀, ká sì máa mu títí di Jímọ̀. Òùngbẹ mọ́tò ló kúkú le jù.

Èmi àti màmá ti lọ sí kànga ilé Sàníù. Mo bẹ̀ wọ́n títí nítorí orúnkún wọn, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni: àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin nìkan ni àwọn máa ń rán lọ pọnmi, àwọn ò rán yín rí.

Mo fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nílé ìdáná. Inú báàfù ni kí ẹ ti wẹ̀, kí ẹ fi omi ìwẹ̀ náà fọ ilé ìyàgbẹ́. Garawa méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé wọn, kí ẹ wá bá wa.

Ìyá Kifayah