Ìyá Méjì Kì Í Gba Lẹ́tà Ọmọ Kan

Felismina ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé Maputo ò fìyà jẹ ọ́? Kí Olúwa tó ń ṣọ́ àwọn apẹja wa lójú òkun máa ṣọ́ ọ lójú títì. Àlàáfíà la wà ní Massinga níbí, àgbọn so, ewúrẹ́ àbúrò rẹ bímọ, àmọ́ inú mi ò dùn sí ọ.

Àwọn ife tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì dé, ọ̀kan ò fọ́. Orí tèmi ni bébà tí o fi wé wọn fọ́. Mo na gbogbo ẹ̀ sórí ẹní, mo bẹ Bàbá Zunguze tí wọ́n gbọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Gúúsù Áfíríkà pé kí wọ́n kà á fún mi. Lẹ́tà kan ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni o kọ ọ́ sí Dókítà Ivone tó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, orí mi ni o sì kọ ọ́ lé. Irú dókítà wo rèé, tí kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́?

Àkọ́kọ́ kúrú: ìyá mi dára, ó máa ń se oúnjẹ. Obìnrin yẹn kọ ọ́ sétí ìwé pé, dára báwo? Oúnjẹ wo? Ìwọ náà tún un kọ. Ó tún ní, kí lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń rùn? Kí ló kàn án nínú òórùn ọwọ́ mi, Felismina? O sì dá a lóhùn! O ní àgbọn àti èéfín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún ojú ewé méjì, ibẹ̀ lo ti sọ fún un pé o rí mi látojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, tí mo faṣọ bojú sunkún. Èmi rò pé ẹnì kankan ò rí mi. Bàbá Zunguze ní òyìnbó rẹ ti dàgbà, ti àkọ́kọ́ jọ tiwọn, ti ìkẹyìn ti bọ́ síwájú wọn. Inú mi dùn, inú sì bí mi.

Ta ló kọ́ ọ pé iná ń jẹ́ iná? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Lẹ́tà tí o kọ sí èmi wá jẹ́ ìlà mẹ́rin: ara mi le, ẹ kí gbogbo ilé, owó ń bọ̀, ó dàbọ̀. Mo ti dá a padà sínú àpò ìwé yìí. Mo kọ ọ́ sétí ẹ̀ pé, le báwo? Gbogbo ilé, ta ni? Tún un kọ. Bí kò bá tíì dáa, màá tún dá a padà.

Fi owó ọṣẹ àti iyọ̀ ránṣẹ́, àmọ́ lẹ́tà ni kó kọ́kọ́ dé, èdè tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni kó o fi kọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ má tán lọ́wọ́ rẹ láé. Kí Olúwa má sì jẹ́ kí Dókítà tún gbọ́ ọ̀kan kí n tó gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo tí o ní,
Rosalina.