Èwo Ni Ìdí Òpó Irin Tó O Fi Ránṣẹ́?

Paturusi ọmọ mi,

Àsàláámù àléékùm. Ṣé ara le ní Surabaya lọ́hùn-ún, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí irin gíga tí wọ́n ní o máa ń gùn. Àlàáfíà la wà, omi adágún ti kún wọ abẹ́ ilé olópòó wa, àwọn pẹ́pẹ́yẹ Becce àbúrò rẹ sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ibẹ̀ bí onílé.

Òpó irin tó o fi ránṣẹ́ ti dé. Gbogbo géńdé àdúgbò ló para pọ̀ gbé e láti títì, kò sì sí èyí tí kò bú ọ nínú wọn. Téèyàn bá wò ó láti ibi tí wọ́n ti gé e, ó dà bí àkàbà tí wọ́n kan igi ìdábùú kan ṣoṣo sí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, ikán ti jẹ òpó ìdodo tó wà láàárín ilé wa tán, bí mo bá gbé ife tíì kalẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò mọ ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí orí. O kúkú mọ̀ pé bí igi ṣe hù nínú igbó lòpó gbọ́dọ̀ dúró, gbòǹgbò nísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àìsàn ò ní kúrò nílé. Puang Tola tó kọ́lé yìí fún bàbá rẹ yí i po, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tiẹ̀ lá a wò. Becce ní ibi tí irin pẹlẹbẹ oníhò wà ni ìdí. Mo gbà, torí ihò yẹn ni gbòǹgbò máa gbà yọ, mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló kàn ń dógùn-ún. Nígbà tí Becce pe ọ̀gá rẹ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní irin kì í ta gbòǹgbò, ká gbé ihò sísàlẹ̀, ká sì jẹ́ kó gbẹ. Puang Tola ní òun ti gbọ́, òun á yọ ti àtijọ́ kí òjò tó le.

Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Ọjọ́ tó ò ń lọ, o fọwọ́ lé òpó yẹn, bí gbogbo arìnrìn-àjò wa ṣe ń ṣe kí ilé lè pè wọ́n padà. Bí wọ́n bá wá gbé e sọnù, kí ló máa dá ọ mọ̀ nínú ilé yìí? Ẹ̀rù ń bà mí, Paturusi. Tọrọ àyè, kó o wá fọwọ́ lé tuntun. Bí ọ̀gá bá kọ̀, sọ fún un pé ilé ìyá rẹ ti ń tẹ̀.

Owó àgbọn àti ṣúgà fún àwọn tó máa gbé òpó dúró, má fi ránṣẹ́, ìwọ ni kó o mú un wá. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú omi tó o máa gbà wálé. Mo ti fi ọṣẹ fọ gírísì kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ máa bà lára irin náà. Mi ò mọ̀ bóyá o ti ga sí i látìgbà náà, mo bá fọ̀ ọ́ gòkè díẹ̀ sí i.

Èmi ìyá rẹ,
Indo Sennang