Ọ̀rọ̀ Òpó Afẹ́fẹ́ Tó Fẹ́ Ya Verlin àti Ọmọ Ẹ̀

                                        18, Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Halvor Creek,
                                        Minnesota.
                                        24 Oṣù Kẹwàá, 2023.

Delores, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́, ṣé oòrùn Arizona ti bá ẹ tò ó? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú omi? Àwa wà níbí, yìnyín ti ń yọjú.

Ọ̀rọ̀ kún inú mi. Ìlú wa fẹ́ dìbò lóṣù tó ń bọ̀, bóyá kí wọ́n gbé àwọn òpó ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná sórí ilẹ̀ oko, kí wọ́n sì máa sanwó fún àwọn tó ni oko. Verlin àbúrò mi, tó ń dáko, ní òun ò ní gbà láéláé. Annika ọmọ ẹ̀, tó wà ní yunifásítì, ń lọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n gbà. Ni ọmọ náà bá ránṣẹ́ sí mi pé òun ò ní wálé wá bá bàbá òun jẹun Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ìyá ẹ̀ sì ti kú. Ta ni Verlin máa wá bá jẹ tòlótòló, ajá?

Lọ́sàn-án Sátidé, yunifásítì pe akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ká wá fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ ìbò. Kálukú gbé abọ́ oúnjẹ dání. Èmi ni mo wọ́ bàbá àtọmọ sídìí tábìlì kan. O kúkú mọ àwọn èèyàn wa. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Verlin ní, "Ọ̀dùnkún yìí dùn." Annika ní, "Ó dùn, Dádì." A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gá yunifásítì, Ọ̀gbẹ́ni Strand, wá dìde tẹ̀ríntẹ̀rín, inú ẹ̀ ń dùn pé a bọ̀wọ̀ fún ara wa.

Inú bí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó máa gbé ọ̀rọ̀ mì bí eegun ẹja. Bàbá àtọmọ fẹ́ pàdánù ara wọn níbí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

Verlin ń wo bàtà ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

Inés Barragán, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìjọba, ló ní òótọ́ ni mo sọ. Ó fa àga tì wá. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fèsì àfi tó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnìkejì ń wí, tí onítọ̀hún sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Annika ní, "Dádì ò fẹ́ ìlọsíwájú."

"Irọ́. Tún un sọ."

"Ẹ ní òpó máa ba ojú ilẹ̀ jẹ́."

"Ó kù."

Ohùn ọmọ náà rẹlẹ̀. "Ilẹ̀ tẹ́yin àti Mọ́mì jọ ro ni."

Verlin ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ ti ọmọ ẹ̀. "Ìwọ ní tí owó òpó ò bá wọlé, mo máa ta oko náà, o ò sì ní rílé padà sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

Ìgbà náà ni wọ́n wá jiyàn gidi, Delores. Wọ́n ń pariwo títí dé ìdí ọkọ̀.

"Mo ṣì máa dìbò tako ẹ."

"Ẹ dì í. Èmi náà á di tèmi. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá gbé mi fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́?"

"Lọ́jọ́rú tó ṣáájú ẹ̀. Tètè múra, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Bá mi kí ọkọ ẹ àtàwọn ọmọ. Jẹ́ kí orúnkún yẹn máa sinmi.

Tìẹ ni mí láìyẹ̀,
Marlys