Sí Màmá Květoslava Hejduková: Bí Bělidlo Ṣe Tún Funfun

Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ lọ, Màmá. Ọdọọdún la máa ń gòkè wá síbi ibojì yín, a ó tan àbẹ́là, a ó gbá ewé kúrò lórí òkúta, a ó sì dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ bá wí. Tọdún yìí yàtọ̀. Ìròyìn kún ẹnu wa débi pé ká tó dé ọ̀dọ̀ yín, gbogbo wa ló ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti ẹnìkejì. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ rò ó fún yín.

A ti parí òrùlé ilé yín, àmọ́ a ò ní fi ìyẹn ṣáájú. Bohdan tí ẹ fi sílẹ̀ ní àpọ́n ti di baba ọmọ, ọmọbìnrin sì ni, àmọ́ a ò ní fi ìyẹn náà ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ń yún wa lẹ́nu. Wọn ò wó o, Màmá. Ó wà níbẹ̀ gbọnin.

Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn Bělidlo fún wa. Ẹ ní kó tó di àdúgbò, pápá koríko etí odò lásán ni, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ti ń tẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n omi sí i, títí oòrùn á fi sọ ọ́ di funfun. Ibẹ̀ ni àdúgbò náà ti rí orúkọ: Bělidlo, ibi tí aṣọ ti ń di funfun. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́rọ̀ kan tó ń sọ èdè Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ tí òrùlé rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ó sì to ilé bíríkì pupa lọ bẹẹrẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Fèrè rẹ̀ ló ń jí ìyá yín àgbà láàárọ̀, òun ló jí ìyá yín, òun ló jí ẹ̀yin náà. Ogun dé, ogun lọ. Ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ti Vietnam wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fa Nhàn mọ́ra láàárín wọn, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́, ẹ kọ́ ọ ní èdè wa, ẹ sì sọ ọ́ di ọmọ. Ìjọba yí padà, aṣọ ọ̀pọ̀ ya wọlé láti òkèèrè, fèrè sì dákẹ́. Igi hù lórí òrùlé. Ẹ kú láìtún gbọ́ ìró iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, a sì mọ̀ pé ó dùn yín wọra.

Ọdún kejì ikú yín ni ọkùnrin kan láti ìlú ńlá ra ibẹ̀. Ó ní òun máa wó o, òun máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí i. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní ohun ìní rẹ̀ ni, kò sí bí àwọn ṣe lè dá a dúró. Ta ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ wíwó náà fún? Ilé iṣẹ́ tí Bohdan ọmọ yín ń bá wa katapílà ni.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni Radmila àkọ́bí yín gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ yíyan àti kábéèjì ti wà lórí tábìlì. Ẹ mọ Radmila, kì í pariwo. Bínú bá ń bí i, ńṣe lohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

"Bohdan, ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni. Bí mi ò bá wó o, ẹlòmíì á wó o."

"Kí ẹlòmíì wó o nígbà náà. Ṣé kò sí ilé ẹlòmíì tí ìwọ náà lè wó ni?"

"Ilé wo? Ẹyẹlé ló ń gbébẹ̀. Ẹ lọ wo òrùlé ẹ̀."

"Mo ń wò ó lójoojúmọ́ tí mo bá ń wa bọ́ọ̀sì kọjá. Ibẹ̀ ló bọ́ ẹ tó fi dàgbà. Ọmọ tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́."

"Ẹ má fi òwe bú mi nídìí oúnjẹ."

"Oúnjẹ yẹn náà, èmi ni mo sè é. Jẹ ẹ́ tán, kí o máa lọ."

Kò jẹ ẹ́ tán. Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, bí Bohdan bá rí bọ́ọ̀sì Radmila lókèèrè, á yà sí kọ̀rọ̀. Radmila náà, bó bá rí i, iwájú lásán ló ń wò. Ẹ ò rí irú ẹ̀ láàárín wọn rí. Ó dun Radmila ju ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà lọ, àmọ́ kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ó wá ń sá sókè sódò. Ó lọ bá àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Wọ́n gbà á dáadáa, wọ́n ní àwọn á wá wò ó, tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ wó o. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó gba ṣọ́ọ̀bù Nhàn lọ. Nhàn ń to ọsàn.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n ní sùúrù."

"Katapílà ò mọ sùúrù. Kí ló wà láàárín títì àti ilé iṣẹ́ yẹn?"

"Koríko ni."

"Koríko ibo?"

Radmila ṣíjú wò ó. "Koríko Bělidlo ni, Àǹtí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni wọ́n ń fi koríko Bělidlo ṣe láyé àtijọ́? Àbí Màmá ò sọ fún ẹ ni? Èmi tí mo ti òpin ayé wá, wọ́n sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà yé Radmila. Ńṣe ló di mọ́ ọn, tí ọsàn fi ń yí lọ sílẹ̀.

Màmá, ẹ ì bá wà níbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Kò sí ilé bíríkì pupa kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí. Gbogbo àwọn tí ẹ jọ hun aṣọ ló jáde, àtèyí tó ń fi ọ̀pá rìn, àtèyí tí ọmọ rẹ̀ ń tì lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n tú àpótí, wọ́n kó aṣọ orí tábìlì àti aṣọ ibùsùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun jáde, èyí tí wọ́n ń tọ́jú de àlejò pàtàkì. Wọ́n tẹ́ ẹ láti etí títì dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ dé etí odò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Oòrùn yọ, gbogbo pápá náà funfun báláú. Inú Radmila ń dùn, àyà rẹ̀ sì ń já, nítorí ó ti ń gbọ́ ìró katapílà ní ìsàlẹ̀ títì, ó sì mọ ẹni tó ń wà á.

Kò lọ dúró síwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ló dúró sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Bohdan dé, ó dúró. Aṣọ àkọ́kọ́ tó wà níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, tiyín ni, Màmá, aṣọ tábìlì ọdún Kérésì, tòun ti àbàwọ́n wáìnì tí Bohdan fúnra rẹ̀ dà sí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó Radmila. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ra ilé náà sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Kí lò ń wò? Wà á kọjá."

"Ọ̀gá, aṣọ ìyá mi ló wà nílẹ̀ yìí."

"Aṣọ lásán nìyẹn. Wọ́n á fọ̀ ọ́."

Bohdan pa ẹ̀rọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ gorí ẹ̀ nígbà náà, kí ẹ wà á fúnra yín."

Ọkùnrin náà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo àwọn ìyá àgbà tó jókòó yí pápá ká, kò gorí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ gbé etí aṣọ yín sókè, Bohdan sì kúnlẹ̀ láti tẹ́ ẹ padà. Ìyá àgbà kan pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Bohdan, fà á kó tọ́! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?" Ẹ̀rín bú gbàù láti títì dé odò.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Radmila, kò rí i wò lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé pẹ́pẹ́yẹ ọjọ́sí ṣì kù?"

"A ti jẹ ẹ́ tán. Wá jẹ èyí tó wà," ni Radmila wí, ó sì já búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì.

Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá rọ̀, wọ́n á ká aṣọ. Bó bá dá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ. Àwọn oníròyìn dé. Àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ náà ò wá dúró de ẹ̀ẹ̀rùn mọ́. Wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíríkì ibẹ̀, nígbà tó sì rẹ onílé, ó tà á fún ìlú. Bohdan ló gé igi tó hù lórí òrùlé. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ àtúnṣe, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wá kun fèrèsé.

Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tó wúwo jù láti kó lọ ṣì wà ní igun gbọ̀ngàn. Ó gba ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ìgbà ìrúwé yìí ni wọ́n jí, Màmá. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ń jáde níbẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́, Nhàn sì ni ọ̀gá wọn. Ó ń jágbe mọ́ wọn bí ẹ ṣe ń jágbe mọ́ òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan gbogbo ẹ̀rọ pọ̀, ilẹ̀ ń mì. Ìgbà náà la rí ohun tí àwa ọmọ ò mọ̀ rí: àwọn àgbà ahunṣọ kì í fetí gbọ́rọ̀ nínú ariwo yẹn, ètè ara wọn ni wọ́n ń kà. Wọ́n dúró ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ṣòfófó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ohùn kankan ò sì jáde. Radmila tí kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín dúró sáàárín wọn. Ó la ẹnu, ó ní, "Màmá, àárò yín ń sọ mí." Òun alára ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ní òdìkejì gbọ̀ngàn, Nhàn gbójú sókè. Ó ti kà á. Ó fi ètè dá a lóhùn: "Èmi náà. Lójoojúmọ́."

Bó ṣe rí lára gbogbo wa nìyẹn, Màmá. A ṣì fẹ́ràn yín.

Radmila, Bohdan, Nhàn, àti gbogbo ọmọ-ọmọ yín.