Àwọn Alágbàṣe Inú Ìgò

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òrùlé onílé ẹ ò jò mọ́? Èmi àti ìyá ẹ wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn mí, ìyẹn gan-an ni ìyá ẹ ṣe ní kí n lọ kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé kí ilé lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ fojú burúkú wò ẹ́ nígboro tó o wà yẹn, kí ojú náà máa yún un títí o ó fi kọjá. Ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín tó bá ti rí ẹ. Ìyá ẹ ti ṣe àmín láti ìdí ààrò.

Ìwé ni mo kọ torí fóònù tó o fi ránṣẹ́ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Tí mo bá ti kí ẹ, tí mo kí àwọn ará ilé ẹ, tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi, obìnrin kan á já sí wa láàrin, á ní owó ti tán. Mo ti ṣàlàyé fún un pé ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo bi í léèrè àwọn ọmọ tiẹ̀ náà, kò dáhùn. Mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ló wà ńlẹ̀. O rántí pé lọ́dún tó kọjá kòkòrò jẹ oko wa débi pé pòròpórò lásán la kó wálé. Lọ́dún yìí, àgbàdo ò tíì dé orúnkún mi tí mo ti rí ihò lára ewé. Mo ṣí àárín ewé wò, kòkòrò jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti san owó ilé. Ọkàn mi bàjẹ́, ọmọ mi. Mo sọ fún ìyá ẹ pé bí tọdún yìí bá tún lọ, ká fún oníbúlọ́ọ̀kù ní ilẹ̀ náà, kó máa fi yanrìn ẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń yọjú sí i, ká sì wá bá ẹ gbé nígboro. Kí n tó panu dé, ìyá ẹ ti fi okùn di odó. Mo ní ṣé kò rántí pé yàrá kan ṣoṣo lò ń gbé ni, tí sítóòfù àti ibùsùn ń wo ara wọn lójú. Ó ní odó á wà lẹ́nu ọ̀nà, òun á sùn sí àárín wa kí ìhanrun mi má dà ẹ́ láàmú.

Má bínú o, èmi ò fẹ́ wá. Ilẹ̀ yẹn ni bàbá mi fi tọ́ mi, òun náà ni mo fi rán ẹ nílé ìwé. Tí wọ́n bá ń mọ búlọ́ọ̀kù lórí ẹ̀, àárín ìbàdí mi ni wọ́n ń mọ ọ́n sí.

Mo-ti-mọ̀, aládùúgbò oko wa tí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní kí n ra oògùn kí n máa fín in. Òun ti fín tiẹ̀ títí, ewúrẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan gun alùpùpù wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko. Ó ní kí n má fín nǹkankan, pé òun á kó agbọ́n wá láti bá kòkòrò náà jà. Lọ́jọ́ tó ní òun ń bọ̀, mo wọ aṣọ òjò, mo fi gèlè ìyá ẹ di ojú, mo dúró sí oko. Àṣé ìgò kékeré kan báyìí ló mú dání. Onígò ni mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ náà. Mo yẹ ìgò wò, nǹkan dúdú dúdú bí eruku ló wà níbẹ̀. Mo ní agbọ́n lo bá mi sọ, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Ó ní agbọ́n náà nìyẹn, wọn kì í ta èèyàn, kòkòrò àgbàdo ni wọ́n ń wá. Ìyá inú wọn á gún kòkòrò, á yé ẹyin sí i nínú, á bá tiẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á sì máa jẹ kòkòrò náà látinú wá síta.

Ìyá ẹ pariwo. Ó ní irú ìyá wo nìyẹn, tó ń kó ọmọ sílẹ̀ nínú ara ẹlòmíì tí kì í padà wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin bíi pé èmi ni mo bí agbọ́n. Èmi ní tèmi, mo rántí pé a máa ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lè wà nínú kòkòrò náà tó ń jẹ òun náà.

Onígò fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó béèrè pé kí ni ọ̀tá oko mi. Mo kọ oníbúlọ́ọ̀kù, mo kọ ewúrẹ́ Mo-ti-mọ̀, mo sì kọ Mo-ti-mọ̀ fúnra ẹ̀. Ó béèrè àwọn tó ń gbé inú ilé, mo kọ ìwọ náà mọ́ wa, torí yàrá ẹ ṣì wà níbẹ̀, a ò sin adìẹ sínú ẹ̀.

Kó tó ṣí ìgò, mo ní kó dúró. Mi ò gba alágbàṣe rí kí n má fi ààlà hàn án. Mo gbé ìgò náà lọ́wọ́, mo fi òkúta ààlà hàn wọ́n, mo fi igi tó dá dúró hàn wọ́n, mo ní ẹ má kọjá sọ́dọ̀ Mo-ti-mọ̀ o, kò bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ti po oyin díẹ̀ sínú omi kí wọ́n fi panu. Onígò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó sì ṣí ìgò. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti lọ. Kò sẹ́ni tó dúró gba oyin, kò sẹ́ni tó kí mi pé ó dàbọ̀.

Onígò ní kí n máa fi fóònù fi bí ewé ṣe ń ṣe han òun. Mo pè é, nígbà tó gbé e, mo fi ẹnu fóònù lé ara ewé kó lè rí i dáadáa. Ó ń pariwo hẹ́lò, hẹ́lò. Mo ní kó yé pariwo, kó fara balẹ̀ wò ó.

Ìgbà tó yá ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Mo dé oko, mo rí àwọn kòkòrò tí nǹkan funfun bí òwú lẹ̀ mọ́ lára. Mo ní ó parí, wọ́n ti ń gbé ẹyin pọ̀n. Mo fi ìbínú ṣa wọ́n kún agolo, mo gbé e wálé, mo ní iná ni n ó fi sun wọ́n. Ìyá ẹ ní agolo kòkòrò kankan ò ní gun orí ààrò òun àfi tí oúnjẹ bá jinná. Mo fi aṣọ bò ó, mo fi ìbànújẹ́ gba ilé oníbúlọ́ọ̀kù lọ, mo ní kó máa mú okùn ìwọnlẹ̀ ẹ̀ bọ̀ lọ́la.

Ìgbà tí mo padà, Onígò ti wá yẹ iṣẹ́ wò, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná wa, ó gbé agolo lé itan, ó káwọ́ lérí. Ó ní Bàbá, àwọn ọmọ agbọ́n ló wà nínú òwú yìí, kòkòrò tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ti kú tán, kò kàn tíì ṣubú ni. Áà, ọmọ mi! Àwọn ọmọ alágbàṣe mi ni mo fẹ́ sun! Èmi tí mò ń gbàdúrà pé kí ọ̀gá ọmọ mi ṣe é dáadáa. Ká ní oúnjẹ tètè jinná lọ́jọ́ náà, ojú wo ni n bá fi gbàdúrà yẹn mọ́?

Ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba oko lọ, à ń tẹ́ wọn padà sórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ẹ sì ń kọrin fún wọn. Mo-ti-mọ̀ ń kọjá, ó rí wa. Ó sáré lọ ròyìn kiri pé kòkòrò jẹ oko mi títí, orí mi ti dàrú, mo ti wá ń fọwọ́ ara mi kó kòkòrò sí i. Ìgbà tí oníbúlọ́ọ̀kù dé pẹ̀lú okùn lọ́jọ́ kejì, mo ní kó fún mi láyè kí àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, torí ó ti gbọ́ ohun tí Mo-ti-mọ̀ sọ, ó ní òun á dúró wò ó. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn láwọn ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ewé tuntun yọ, kò ní ihò. Irùkẹ̀rẹ̀ yọ, àgbàdo gbómọ pọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló yè, àwọn tó wà lápá òkè ti bàjẹ́ kí Onígò tó dé, ṣùgbọ́n èyí tó yè á bọ́ wa, a ó sì tà nínú ẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù ti ká okùn ẹ̀. Àwọn alágbàṣe mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ààlà, wọ́n ti kọjá sọ́dọ̀ Mo-ti-mọ̀, wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi: fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Onígò. Títí di òní mi ò tíì rí ojú alágbàṣe kan kí n dúpẹ́. Má gba ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì fi ránṣẹ́ o. Ẹ̀rọ yẹn ní kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, mo gbọ́ràn, mi ò sọ fún òun náà, ló bá gbé káàdì mi mì.

Ìyá ẹ ní kí n pa ọ̀rọ̀ owó tì, kó o fi wọ ọkọ̀, kó o mú dígí náà wá fúnra ẹ. Òótọ́ ló sọ. Bíi tàwọn agbọ́n yìí ni tìẹ náà rí, iṣẹ́ ẹ là ń rí, fóònù, bàtà, oògùn ẹsẹ̀. Ojú ẹ la ò rí. Àárò ẹ ń sọ mí.

Ọ̀nà á là fún ẹ. Ohun tó ń jẹ ẹlòmíì níṣu ò ní jẹ tìẹ. O ò ní ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, wà á sì jẹ nínú àgbàdo yìí.

Èmi ni bàbá ẹ, tí alágbàṣe ẹ̀ ò lóǹkà.

Mo gbàgbé. Mo ní kí ìyá ẹ tú odó, pé a ò lọ síbì kankan mọ́. Ó kọ̀. Ó ní agbọ́n ló ń kó ọmọ sílẹ̀ tí kì í lọ wò ó, òun kì í ṣe agbọ́n. Bí àgbàdo bá gbó tí o ò wá, òun ń bọ̀. Odó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, pẹ̀lú okùn lára.