Oúnjẹ Tí Mo Bá Yín Jẹ Nínú Ìwé

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ojú jọ,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kí yín dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ìjẹta tí a ti ṣe ìpàdé nílé Múfú ní Ungwan Boro, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kódà nígbà tí ẹ wà láyé. Múfú ọmọ yín àkọ́bí ni mo ń wí. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ó sì yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè é. Ẹ fojú fo tòní.

Ẹ ti lọ kí n tó di òǹkọ̀wé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe fún yín. Ìwé ìtàn àràmàǹdà ni mò ń kọ, ní Yorùbá, níhìn-ín ní Kàdúná. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi. Èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi ni mò ń wá ẹni tí yóò ya àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mò ń gbé e lọ fún Màlámù tó ń tẹ ìwé, èmi náà ni mò ń fi àpò gbé e kiri. Orí fóònù ni mo ti ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí iná kì í dúró ní Trikania, àdúgbò wa, títí di báyìí. Ẹ wá wo ohun tí ojú mi ń rí. Tí mo bá gbé e lọ sí ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní ọmọ wa mà ń gbìyànjú, wọ́n á wá ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni o. Àwọn mìíràn á bi mí bóyá ìwé àdúrà ni. Tí mo bá ní rárá, wọ́n á dá a padà fún mi bí ẹni dá aṣọ tí kò bá a mu padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fi Haúsá kọ ìwé ìfẹ́ ń ṣàánú mi. Wọ́n ní ta ló fẹ́ ka Yorùbá nílùú yìí, pé kí n yáa máa kọ èyí tí ìlú ń sọ. Mo gbọ́, mo sì ń kọ tèmi lọ.

Ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí, ìtàn ìlú kan tó wà lábẹ́ odò Kàdúná ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dúrójayé ló ń sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó bọ́ sódò, ó bá odindi ìlú nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjà, pẹ̀lú òpópónà, pẹ̀lú àwọn ẹja ńlá tí ń ru ẹrù bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní orí karùn-ún, ó dé ilé bàbá rẹ̀ tó ti kú, bàbá náà sì fún un lóúnjẹ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin ni bàbá náà. Ìṣe yín ni mo kó fún un. Ẹ ṣì rántí ìgbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ pa, tí Màmá ń lọ ra ọjà ní ìlú òkèèrè, tó wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń dáná fún wa. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń ro àsáró yín lọ. Ẹ máa ń ṣí fìlà kí ẹ tó tọ́ ọ wò ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ máa ń fún ẹni tó bá ń bínú nínú wa ní ẹran tó tóbi jù, débi pé a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bínú. Ìdí ìkòkò tó jóná lẹ máa ń mú, ẹ ní ibẹ̀ ló dùn jù. Ṣé òótọ́ ni ó dùn, Bàbá, àbí torí pé oúnjẹ kò tó wa ni?

Ó dáa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí níbí gbọ́ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Ẹ kí wọn ní Yorùbá, Haúsá ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe máa ń ka ìwé mi sórí WhatsApp, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹnì kan fi ibi oúnjẹ yẹn nìkan ránṣẹ́, kò fi orúkọ ìwé sí i, kò sọ pé ìtàn ni. Ohun tí àwọn èèyàn kàn ń gbọ́ ni ohùn mi tó ń sọ pé mo wọ ilé bàbá mi tó ti kú, pé ó bu àsáró fún mi, pé mo jẹ ẹ́, mo sì lá ọwọ́. Nígbà tó máa fi dé etí ìyàwó Múfú, ó ti di àlá. Wọ́n ní àlá tí mo lá ni mò ń rọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Yorùbá ń sọ nípa ẹni tó bá òkú jẹun lójú àlá. Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o, ọ̀rọ̀ yẹn kò yà wọ́n. Wọ́n ní kí olúwarẹ̀ tètè gbààwẹ̀ kí oúnjẹ náà má baà di àìsàn sí i lára, kó má baà ràn mọ́ ará ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì Múfú, tí mi ò dé rí. Àsìkò yẹn náà ni ibà mú Àbẹ̀ní, ọmọ Múfú. Ibà lásán o, Bàbá, nígbà òjò, ní Ungwan Boro tí omi dúró sí iwájú ilé gbogbo. Wọ́n fún un lóògùn, ara rẹ̀ yá, ó ti ń sáré kiri. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti pinnu pé èmi ni mo gbé àìsàn náà wọlé. Ọbẹ̀ tí mo sè lọ kí ọmọ, ó dà á sẹ́yìn ilé. Mo rí i níbi tí adìẹ ti ń ṣà á jẹ. Adìẹ ọ̀hún ò kú o.

Ni Múfú, tí wọ́n ń pè ní Brọ́dà Tìmótì ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, bá pe ìpàdé. Ó ránṣẹ́ pe Alhaji àbúrò yín láti Mando. Ẹ wò ó, ilé tí kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí bí a ó ṣe ṣe àdúrà ìrántí yín, orí ìwé mi ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú rẹ̀ ti wá gbọ́ ara wọn yé. Àwọn ìwé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ti tán, mo sì ti ṣèlérí fún Màlámù pé Mọ́ńdè ni màá gbé èyí tí a ó tún tẹ̀ wá. Múfú ní kí n yọ orí karùn-ún kúrò kí Mọ́ńdè tó dé. Ó ní tí mi ò bá yọ ọ́, kí n má tẹ ilé òun mọ́, kí n má sì fọwọ́ kan ọmọ òun.

Mo bi í bóyá ó ti ka ìwé náà. Kò tíì kà á. Mo bi ìyàwó rẹ̀. Òun náà kò tíì kà á. Gbogbo ìdààmú tí mo ṣe lórí rẹ̀, tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ṣí i wò nínú wọn. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi fún Múfú, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ti rí i, wọ́n fi tì í lẹ́sẹ̀ kó má baà máa mì. Àwọn tó fi ìwé mi gbé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń sọ ibi tí kò dáa nínú rẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ pé gàrí ni mò ń tà, ṣé wọ́n á ní ó korò láì fi kan ẹnu?

Alhaji nìkan ni wọ́n sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Wọ́n ní haba, àwọn ò lè dájọ́ lórí ohun tí àwọn ò gbọ́, kí n kà á sí gbogbo wa létí. Mo fa ìwé yọ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyàwó Múfú ń gbàdúrà lábẹ́nu. Múfú ká apá mọ́ àyà. Mo ka ibi tí ẹ ti ṣí fìlà, Alhaji rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ẹ da edé sínú àsáró, Múfú ní irọ́ ni. Ó ní Bàbá kò fi edé se àsáró rí láyé, irú ni. Mo ní edé ni. Ó ní irú ni, èyí tí ẹ máa ń rà lọ́wọ́ ìyá Haúsá tó wà ní kọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lójú, kò tiẹ̀ yé e mọ́. Ẹni tó ní nǹkan burúkú wà nínú ìwé, òun ló wá ń bá mi jà lórí èèlò ọbẹ̀. Ta ló bi í? Èmi ni mo kọ ìwé, èmi ni mo mọ ohun tí bàbá inú rẹ̀ dà sí ìkòkò.

Nígbà tí mo kà á tán, mo pa ìwé dé. Mo ti ń múra èsì sílẹ̀ de ohun tó máa sọ. Múfú ò wo ojú mi. Ó bi mí ìdí tó fi jẹ́ pé abọ́ kan ṣoṣo ni Bàbá gbé kalẹ̀. Ó ní ṣé òun kì í ṣe ọmọ ni. Ó ní kí ló dé tí mo fi dá lọ. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Bàbá, ẹ̀yin kò mọ̀, torí ẹ ti lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, ìlú ti dàrú. Múfú wà nílé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ Kàdúná. A sin yín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn yín ti wí, Alhaji ni wọ́n kírun sí yín lára. Nígbà tí Múfú máa fi rí ọ̀nà wọlé, ilẹ̀ orí yín ti gbẹ, a ti pín aṣọ yín, àwọn àlejò ti lọ. Kò sunkún lójú wa. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó béèrè bóyá oúnjẹ kù. Kò kù.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kí ló dé tí kò lè la ẹnu sọ ọ́? Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa gbààwẹ̀ nítorí mi ju kó sọ pé àárò yín ń sọ òun lọ. Ó bà mí lórúkọ jẹ́, ó fẹ́ gé ìwé mi, ó fẹ́ gba ọmọ tí mo fẹ́ràn lọ́wọ́ mi, nígbà tó jẹ́ pé abọ́ kan ṣoṣo yẹn ló ń dùn ún. Ó dùn mí. Ó dùn mí fún ara mi, ó sì tún wá ń dùn mí fún un, èyí gan-an ló ń múnú bí mi jù.

Mi ò yọ orí karùn-ún, mi ò sì ní yọ ọ́. Láàárọ̀ yìí mo jókòó tì í, mo fún Dúrójayé ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Ó bọ́ sódò lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ lọ́nà, torí ọ̀nà kò dára, gbogbo ara rẹ̀ tutù, ó ń ráhùn. Mo fi irú kún edé nínú àsáró yín, kí ẹnu Múfú lè sinmi. Mo ti mú ẹ̀gbọ́n náà dé ẹnu ọ̀nà yín, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un, torí ẹ ò rí àyè sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá kanlẹ̀kùn, ẹ má béèrè ohun tó pẹ́ sí. Ẹ bu tirẹ̀ fún un, kó pọ̀. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi yó. Lẹ́yìn náà kí ẹ lé e padà wá sókè fún wa, torí Àbẹ̀ní ń retí bàbá rẹ̀, èmi náà kò sì tíì bá a jà tán.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ sinmi, tó sì fẹ́ràn yín títí di òní.