Ẹ̀wù Méjì fún Ìmọ́lẹ̀ Àríwá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Dókítà ojú ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú lónìí. Ojú àbúrò mi máa fọ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ìrọ̀rí – orúkọ tí mo sọ ọ́ láti kékeré nìyẹn, torí ó sanra, ara ẹ̀ sì rọ̀ – ò sunkún. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ rí kí gbogbo ẹ̀ tó ṣókùnkùn: ìmọ́lẹ̀ tó máa ń jó lójú ọ̀run ní àríwá ayé. Mo ní a ó lọ. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó ronú, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì
Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ká mú àsìkò tí òṣùpá ò ní sí. Òṣùpá kì í jẹ́ kéèyàn rí ìmọ́lẹ̀ náà dáadáa. A mú Ọjọ́ Ajé, 24. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Mo ní èmi ni màá rán ẹ̀wù wa. Àbí ọdún méjìlélógún tí mo fi ń ránṣọ, ti kí ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì
Ìrọ̀rí wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó dijú, ó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilé onípákó. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, èyí àárín ti sán. Lókè, aṣọ gbọọrọ aláwọ̀ ewé tí ẹnikẹ́ni ò dì mú, tó ń mì. Mo ní fíìmù tó ń wò ti pọ̀ jù. Mo bi í pé èmi ńkọ́? Ó ní òun ò rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì
Mo gé tiẹ̀. Aṣọ náà nípọn – ó ti ṣẹ́ abẹ́rẹ́ méjì.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì
Onítíkẹ́ẹ̀tì fi fọ́tò ilé tí a máa dé sí ránṣẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́ta. Èyí àárín ti sán.
Mo bi í bóyá ó ti fi han àbúrò mi tẹ́lẹ̀. Ó ní àárọ̀ yìí ni onílé fi ránṣẹ́ sóun. Ẹ̀rù bà mí. Mo da ojú fóònù dé sórí tábìlì, mo lọ fọ abọ́ tó mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì
Iṣẹ́ ọmọ-kọ́ṣẹ́ ni mo ṣe. Ojú ewé Ìrọ̀rí ni ìwé ìwọ̀n ṣí sí látọjọ́ Àìkú; òun náà ni mo ń wò tí mo fi gé tèmi. Mo tún fi ínṣì mẹ́rin kún un fún aṣọ tí a máa wọ̀ sábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ínṣì mẹ́rin yẹn mọ́ ìwọ̀n ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ó bò mí bí àgọ́. Aṣọ sì ti tán.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì
Ìrọ̀rí wá wọ tiẹ̀ wò. Ó bá a mu. Kí n tó yíjú, ó ti gbé tèmi wọ̀ lé e, ó ti de bọ́tìnnì ẹ̀. Ó gún régé. Ó dijú, ó fọwọ́ pa èjìká ẹ̀.
"Báyìí gan-an ni mo ṣe wọ̀ ọ́ níbẹ̀, Àǹtí mi. Tèmi lábẹ́, tiyín lókè."
Mo ní kí ló dé tó fi wọ tèmi. Ó ní òun ò mọ̀, òun ṣáà ń sunkún, òórùn mi sì wà lára aṣọ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì
Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Mo tú gbogbo ojú rírán, mo dín in títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ìrọ̀rí ò lè ki apá kan bọ̀ ọ́, ká má tíì sọ pé kó wọ̀ ọ́ sunkún mi níbẹ̀. Èyí tí mo gé kúrò, mo sọ ọ́ síná. Wọ́n ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Wọn ò dárúkọ àlùmọ́gàjí.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì
Ìrọ̀rí ò wá. Mi ò sọ ohun tí mo fi ẹ̀wù náà ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejì
Ó forí gbá férémù ilẹ̀kùn bó ṣe ń wọlé. Ojú ọ̀tún ti ń lọ, ó yá ju bí dókítà ṣe sọ lọ. Bá a bá sún ìrìn àjò yìí síwájú, kò ní rí nǹkan kan.
Ó jókòó. Ó ní òun tún rí ibẹ̀ láàárọ̀, pé ìmọ́lẹ̀ náà ti lẹ́wà sí i, ó pọ́n létí.
"Àmọ́ ẹ̀wù yín ò wọ̀ mí mọ́, Àǹtí mi. Mo kàn gbé e dání ni."
Mi ò tíì sọ fún un pé mo dín in.
Ó bi mí bóyá a ṣì ń lọ. Ojú ẹ̀ ń wá ojú mi kiri inú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní a ń lọ. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo rán bọ́tìnnì tó kù.